Báwo Ni Bébà Náà Ṣe Jìnnà Tó? Bí Mo Ṣe Yan Kálíbà Ìbọn Ìdíje Mi

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Texas, tí ẹ ní ìbọn ìdíje lẹ ń wá, irú èyí tó ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀, ohun tí ontàjà á kọ́kọ́ bi yín ni pé kálíbà wo lẹ fẹ́, ìyẹn bí ọta tí ìbọn náà ń yìn ṣe fẹ̀ tó àti irú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tètè fèsì, òun á bá yín fèsì, èsì rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ èyí tó wọ́n jù lára ògiri. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó ná. Ẹni tí mo sì fọ̀rọ̀ náà lọ̀ kò fọwọ́ kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀: àbúrò bàbá mi tó ń ṣọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àkànní, ẹran wo lo fẹ́ fi pa?"

"Kì í ṣe ẹran, bàbá. Bébà ni."

"Bébà wo?"

"Bébà tí wọ́n ya òbìrìkìtì sí láàárín. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá bọ́ sí àárín jù ló ń gba ipò kìíní."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá wọn dúró. "Ilé ọdẹ la bí ọ sí, o wá gba òkè òkun lọ, o lọ ń yìnbọn lu bébà. Ó dáa. Báwo ni bébà náà ṣe jìnnà sí ọ tó?"

Títí di òní, mi ò tí ì pàdé ontàjà kan tó bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Ọdẹ kì í dárúkọ kálíbà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó máa wọgbó tí kì í yan ọta. Ìbọn méjì ni bàbá yìí ní. Ọ̀kan ni ṣakabùlà tí wọ́n jogún, èkejì ni olójú méjì tí wọ́n gbàwé àṣẹ lé lórí. Nínú àpò wọn, ọta wẹ́wẹ́ wà fún àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́, ọta ńlá wà fún ìgalà. Ẹran tó bá ti ju nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀ lọ, wọn kì í yìn ín. Wọ́n á ní ọta á ti fọ́n ká kó tó débẹ̀, ẹran á gbé ọgbẹ́ sá lọ, ọdẹ á sì pàdánù ọta, á pàdánù oorun. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ọta tó yẹ, wọ́n á kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ yìn, wọ́n á mọ ibi tó dúró sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó na ọwọ́ sínú àpò.

Bébà tèmi jìnnà ju ẹran tiwọn lọ. Ní pápá ìyìnbọn tí mo forúkọ sílẹ̀ sí lẹ́yìn odi Houston, 100, 200, 300 àti 600 yáàdì ni wọ́n gbé pátákó sí. 600 yáàdì ju pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún tí a tò tẹ̀léra lọ. Kò sí 1,000 yáàdì níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a á wakọ̀ jìnnà. Ìlànà ìdíje wọn ni èyí tí wọ́n ń lò ní Camp Perry ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí àwọn ayìnbọn Amẹ́ríkà ti ń pàdé fún ìdíje ńlá wọn láti ọdún 1907. Èèyàn á dúró yìn ní 200. Á jókòó yìn níbẹ̀ kan náà, kíákíá. Á dọ̀bálẹ̀ yìn ní 300, kíákíá. Á wá dọ̀bálẹ̀ ní 600, á máa yìn ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ti kíákíá, ọta mẹ́wàá gbọ́dọ̀ jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú pé èèyàn tún máa pààrọ̀ mágásíìnì, àpótí kékeré abẹ́ ìbọn tí ọta ń wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbọn tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ ọ̀gá.

Kì í ṣe ìbọn tó ń rọ̀jò ọta o. Ìfà kan, ọta kan ni. Bí ẹ̀tù bá ti jó, díẹ̀ lára gáàsì rẹ̀ á gba ihò kékeré kan lára ọ̀pá ìbọn, á ti irin inú rẹ̀ sẹ́yìn. Irin náà á ju èèpo idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ síta, bó sì ṣe ń padà bọ̀ ni yóò ti ọta mìíràn wọlé. Ìdí nìyí tí yíyan kálíbà fún un kò fi rí bíi ti ìbọn tí a ń fọwọ́ kó ọta sí. Ti àfọwọ́kó, ohun tó bá wu onítọ̀hún ló lè yàn. Ti èyí tó ń kó fúnra rẹ̀, ìbọn náà lóhùn nínú ọ̀rọ̀ náà: ọta gbọ́dọ̀ wọ mágásíìnì, gáàsì kò gbọdọ̀ kéré jù, kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ lè fara da ìyà náà.

Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀. Èyí ńlá ni AR-10, iṣẹ́ Eugene Stoner ní ilé-iṣẹ́ ArmaLite ní àwọn ọdún 1950. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti wá ṣe AR-15, èyí kékeré. Mágásíìnì AR-15 kì í gba ọta tó bá gùn ju 2.26 íǹṣì lọ, àti orí àti èèpo rẹ̀. Ìlà tí a kò lè fò nìyẹn. Ohun mìíràn tó tún yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í sí lára páálí: ẹ̀yà ara AR-15 láti ilé-iṣẹ́ kan sábà máa ń bá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn mu, ti AR-10 kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi tó wà lóde ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀yà ọ̀kan kì í sì í fìgbà gbogbo wọ ara èkejì. Ẹni tí irin kékeré kan bá kán nínú AR-10 rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdíje á mọ̀ pé òun ra wàhálà pọ̀ mọ́ ìbọn.

Mi ò ná kọ́bọ̀ kí n tó yá ìbọn àwọn ẹgbẹ́ mi yìn. Àwọn ayìnbọn ní ọ̀yàyà lórí èyí. Bí ẹ bá ra ọta tiyín wá, tí ẹ sì kí wọn dáadáa, wọ́n á ní kí ẹ jókòó sídìí ìbọn àwọn.

.223 Remington ni mo kọ́kọ́ yìn. Ọmọ ìyá 5.56 tí àwọn ológun ń lò ni, láti àwọn ọdún 1960 ló sì ti wà. Fífẹ̀ ọta rẹ̀ jẹ́ 0.224 íǹṣì péré. Àwọn tó ń fojú di í á ní ọta ọmọdé ni. Wọn kò mọ̀ pé ọta 55 gréènì tó ń wà nínú páálí olówó pọ́ọ́kú àti ọta 77 gréènì tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdíje kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìbọn kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù níbẹ̀. 7,000 rẹ̀ ló di pọ́n-ùn kan. Ọta 77 yẹn gùn, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń la afẹ́fẹ́ kọjá láì tètè rẹ̀ ẹ́, ó sì ṣì wọ mágásíìnì.

Ṣùgbọ́n ọta gígùn kì í dúró ṣánṣán lójú afẹ́fẹ́ àfi bí a bá yí i dáadáa. Inú ọ̀pá ìbọn ní ìlà tó lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Ìlà yẹn ló ń yí ọta. Lára M16 àtijọ́, ìbọn àwọn ológun Amẹ́ríkà, ọta á yí po lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo íǹṣì 12. Ìyẹn tó fún 55 gréènì, kò tó fún 77. Tí ẹ bá yin 77 nínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ọta á fẹ̀gbẹ́ lu bébà, ihò rẹ̀ á sì gùn bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pá ìdíje òde òní, ìyípo kan ní íǹṣì 8 tàbí 7 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní ".223 ni mo fẹ́" kò tí ì sọ̀rọ̀ tán, ó ku kó sọ bí ọ̀pá ṣe ń yí. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé ibí yìí. Mo ti rí ìbọn .223 tó dára lójú, tó wọ́n lówó, tí kò lè yin ohun tí olówó rẹ̀ rà á fún, kìkì nítorí ìlà inú ọ̀pá.

Ní 600 yáàdì, àwọn tó mọṣẹ́ tún máa ń gòkè sí 80 gréènì. Ìyẹn gùn ju mágásíìnì lọ, nítorí náà wọ́n ń fọwọ́ kó o níkọ̀ọ̀kan. Kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń yìn níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ló ni .308 tí mo yìn. Bó ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ọmọ Aláàfin kì í gbé ìbọn ọmọdé. Mo dá a lóhùn pé tafàtafà ló tẹ ìlú tèmi dó: ọfà Ògúnlọlá ló pa Elémọ̀ṣọ́, a kò sì gbọ́ nínú ìtàn pé ọfà náà tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Báyìí la ṣe máa ń bú ara wa.

Ká sọ òótọ́, .308 Winchester kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹ̀yẹ́. Ọdún 1952 ló jáde, èyí tí àwọn ológun NATO gbà lẹ́yìn rẹ̀ ni 7.62. Ó rọrùn láti mú kí ìbọn rẹ̀ máa lu ojú kan, èèpo idẹ rẹ̀ wà káàkiri, ọ̀pá rẹ̀ sì ń pẹ́. Ọta ìdíje rẹ̀ tí ẹnu kò sìn lára rẹ̀ ni 168 gréènì. Títí dé 600 yáàdì, mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sí 1,000 ló mọ̀ pé bó bá ti fẹ́ bọ́ sísàlẹ̀ ìyára ohùn, ó máa ń dàrú. 175 gréènì ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ìtapadà rẹ̀ ni wàhálà. Bí ìwúwo ìbọn méjèèjì bá bára mu, títa .308 tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti .223. Ẹnikẹ́ni lè fara da ìyẹn fún ọta mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdíje kì í ṣe ọta mẹ́wàá, ìbọn tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ sì tún ní irin tó ń sáré sẹ́yìn sáré síwájú lẹ́yìn tí ó bá ti ta èjìká yín tán. Nígbà tí mo jókòó yin .223 ní kíákíá, òbìrìkìtì dúdú kì í kúrò nínú awò. Mo ń rí ibi tí ọta kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Pẹ̀lú .308, lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan ni mo tún ń wá bébà kiri. Ó sì ní ohun kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè mọ̀: ara tó bá ti ń retí ìgbájú á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn kí ìka tó fa tírígà parí. Ọta tó bá jáde bẹ́ẹ̀ kò ní kálíbà tó lè gbà á là.

Èmi nìkan kọ́ ló rí èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, M14 àti M1A, ìbọn 7.62, ló kún orí ìlà ní Camp Perry. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń díje bẹ̀rẹ̀ sí í gbé M16 wá pẹ̀lú ọta wíwúwo àti ọ̀pá tó ń yí kíákíá, láti ìgbà náà ni .308 sì ti ń dín kù nínú irú ìdíje yìí.

Nílé, ọ̀rọ̀ .308 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 dárúkọ kálíbà gan-an: 7.62 mílímítà, 9 mílímítà, .300 àti .303 íǹṣì. Ìbọn ológun ni òfin pè wọ́n, kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń ní. Àní ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ pàápàá, tó bá jẹ́ èyí tó ń kó ọta fúnra rẹ̀, òfin yọ ọ́ kúrò lára èyí tí èèyàn lè gba ìwé lé lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń rọra bi mí ní Tákíé bóyá mi ò lè bá yín mú ọ̀kan bọ̀, èsì mi nìyẹn. Amẹ́ríkà ni ìbọn mi wà, ibẹ̀ náà ni yóò máa wà.

6.5 Creedmoor ni ẹ̀kẹta. Ilé-iṣẹ́ ọta tó ń jẹ́ Hornady ló gbé e jáde ní ọdún 2007, orúkọ pápá ìyìnbọn kan ní Long Island, New York, ni wọ́n fi sọ ọ́, níbi tí ikọ̀ Amẹ́ríkà ti na ikọ̀ Ireland ní 1874. Baba arúgbó kan ní pápá wa ló yá mi ní tirẹ̀. Ọta rẹ̀ fẹ̀ ní 0.264 íǹṣì, 140 gréènì, ó sì ń jáde ní nǹkan bíi 2,700 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí èèpo rẹ̀ bá ti .308 mu, ó ń wọ mágásíìnì kan náà, débi pé ẹni tó ní AR-10 oní-.308 lè yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò, kó fi ti 6.5 sí i, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í tani tó .308. Mo yìn ín ní 600, mo wo bébà, mi ò lè sọ ohunkóhun.

Atẹ́gùn ni ìyàtọ̀ wọn wà. Lójú ọ̀nà tó jìnnà báyìí, ọta jíjá wálẹ̀ kò le. Iye tó ń já kì í yí padà, ẹ ó yí awò ìbọn sí i, ó parí. Afẹ́fẹ́ ló ń yí padà láàárín ìfà kan sí òmíràn. Bí afẹ́fẹ́ máìlì mẹ́wàá ní wákàtí bá gba ẹ̀gbẹ́ kọlù wọ́n títí dé 600 yáàdì, yóò ti .223 oní-77 gréènì sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí íǹṣì 40; .308 oní-175, bí íǹṣì 30, 6.5 oní-140, íǹṣì 20 lé díẹ̀. Òbìrìkìtì tó ń fúnni ní máàkì mẹ́wàá níbẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 12, ìyẹn íǹṣì mẹ́fà láti àárín sí etí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gbé .223, tó bá fi máìlì kan àtààbọ̀ ṣì afẹ́fẹ́ wọ̀n, ó ti dé etí mẹ́wàá. Ẹni tó gbé 6.5 lè ṣì í wọ̀n tó bíi máìlì mẹ́ta kí nǹkan kan náà tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo wálé nínú ọyẹ́, mo sọ èyí fún àbúrò bàbá mi nínú oko kajú wọn. Wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, wọ́n jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ọwọ́, wọ́n ń wo ibi tó ń fẹ́ sí. Ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó súnmọ́ ẹran nìyẹn, kí òórùn ara wọn má baà ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà ń ṣe báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí lè yàtọ̀ sí ti ìdajì ọ̀nà. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń fi awò wo ooru tó ń hó lókè ilẹ̀, irú èyí tó máa ń dà bí omi lójú títì Ìlọrin lọ́sàn-án. Bó bá ń hó lọ tààrà sókè, afẹ́fẹ́ ò sí tàbí kó jẹ́ pé iwájú tàbí ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀. Bó bá ń ṣàn sápá kan, bó ṣe ń sáré tó ni a fi ń mọ ìwọ̀n. Wọ́n bi mí bóyá ìbọn tó wọ́n lè bá mi wo ìyẹn. Mo ní rárá. Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ ṣa kajú wọn.

Ìbéèrè yẹn wà nínú ọkàn mi nígbà tí mo ń pinnu. 6.5 ń dín ìyà àṣìṣe kù, kò kọ́ni láti mọ afẹ́fẹ́. Ẹni tó fi .223 kọ́ afẹ́fẹ́ ní 600, bó bá gbé 6.5 lọ́jọ́ kan, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.5 ní 200 yáàdì, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Owó tún wà níbẹ̀. Ẹ̀tù inú .223 kò ju nǹkan bíi gréènì 24 lọ. Ti .308 tó 42, ti 6.5 náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò ọ̀pá 6.5 kéré sí ti .308, ẹ̀tù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú iná rẹ̀, nítorí náà ibi tí ìlà inú ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tètè jóná. Nǹkan bíi 2,500 sí 3,000 ọta, ọ̀pá 6.5 tí a fi ń díje ti ń fẹ́ ìpààrọ̀. .308 lè kọjá 5,000. .223 tí a kò bá fi ìkánjú yìn gbóná jù ń pẹ́ dáadáa, ọta rẹ̀ sì dínwó jù nínú àwọn mẹ́ta. Ní ọdún kan tí èèyàn bá fẹ́ mọ ìbọn yìn ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọta ló máa yìn. Mo mú ìwé, mo ṣírò owó ọta pọ̀ mọ́ owó ọ̀pá. Iye tó yọ ju owó ìbọn fúnra rẹ̀ lọ, èyí sì ni ìṣírò tí mi ò rí ẹni tó ń ṣe kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan á ní kí n gba àárín: 6.5 Grendel tó dé ní 2003, tàbí 6mm ARC ti Hornady ní 2020, tí wọ́n ṣe kí AR-15 lè yin ọta tó dára ju ti .223 lọ láì kọjá gígùn mágásíìnì rẹ̀. Ọta wọn dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí èèpo wọn fẹ̀ ju ti .223 lọ, wọ́n ní láti gbẹ́ ojú irin inú ìbọn sí i, ohun tó kù lára irin yẹn á sì tín-ín-rín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yin wọ́n pẹ̀lú agbára tó dínkù. Mágásíìnì tiwọn ni wọ́n tún ń fẹ́. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ràn àtúnṣe, ohun ìdùnnú ni. Èmi fẹ́ yìnbọn, mi ò fẹ́ di alágbẹ̀dẹ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ nípa ọta àdìpadà, nítorí ọ̀pọ̀ ayìnbọn ló ń fọwọ́ ara wọn di ẹ̀tù àti ọta tuntun sínú èèpo tí wọ́n ti yìn. Ìbọn àfọwọ́kó máa ń gba ọta bó ṣe wù kí wọ́n dì í. Èyí tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ kì í gbà á. Èèpo tó ti yìn gbọ́dọ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ọrùn nìkan, kó má baà há. Kápù tó wà nídìí ọta, èyí tí abẹ́rẹ́ ń gbá kí ẹ̀tù tó gbiná, kò sì gbọdọ̀ yọ síta, kò gbọdọ̀ rọ̀ jù, nítorí abẹ́rẹ́ inú irú ìbọn yìí ń rìn fàlàlà. Bí irin bá ti ń gbá ọta wọlé, abẹ́rẹ́ náà ń fọwọ́ kan kápù díẹ̀. Ẹ lè rí àmì kékeré rẹ̀ lára ọta tí a kó wọlé tí a kò yìn. Ìdí nìyí tí a kì í fi í kó ọta sínú rẹ̀ àfi bí ẹnu ìbọn bá ti kọjú sí òkè ìdábòbò lẹ́yìn pátákó. Mo ti rí àgbà ayìnbọn tó lé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ìlà nítorí èyí, mo sì gbà pé ó tọ̀nà.

.223 ni mo rà. AR-15, ọ̀pá íǹṣì 20, ìyípo kan ní íǹṣì 8, tírígà tó ń fà ní ìpele méjì. Mo ń yin 77 láti inú mágásíìnì, 80 ní 600. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ọ̀yọ́ kò jáwọ́ nínú .308 rẹ̀, kò sì burú. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì lówó ọta. Lẹ́yìn náà ni mo tún ra ìbọn .22 Long Rifle kékeré kan, kálíbà tó ti wà láti ọdún 1887, fún 50 yáàdì. Ó ń tú àṣírí gbogbo bí ara ṣe ń mì nígbà tí èèyàn bá dúró, ọta rẹ̀ sì lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá tètè gbé orí sókè á ti ba a jẹ́ kó tó kúrò nínú ọ̀pá. Òun ni mo máa ń yìn jù.

Bí mo bá máa ra 6.5, ọjọ́ tí mo bá kó lọ sí ìtòsí pápá 1,000 yáàdì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dallas pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ti ka ìwé, ó ti wo àtẹ ìṣirò, ó ní Creedmoor ni òun fẹ́, ṣé mo fọwọ́ sí i. Mo bi í bí bébà ibẹ̀ ṣe jìnnà tó.

"Ẹ̀gbọ́n, 200 yáàdì ni pápá wa mọ."

Mo ní kó ra .223, kó wo ìyípo ọ̀pá kó tó sanwó, kó sì fi owó tó bá kù ra ọta. Ó kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bí mo ṣe rò pé ọta mélòó ni yóò tó òun dé ìparí ọdún.